Àwọn Òǹkàwé Ń Bèèrè: Mítà fún Sítíìmù tó ń Lọ, tó sì Tún ń Bọ̀

Ìbéèrè láti Ìgbẹ́mọ-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì ni mo ń bójú tó. Bọ́ílà méjì la ní: èyí tó wà lápá òkè ń jó èèpo ìrẹsì, ti ìsàlẹ̀ ń jó dísù. Páìpù 3 inch kan ló so wọ́n pọ̀. Prẹ́ṣọ̀ wa jẹ́ 7 bar lójú géèjì, ohun tó ń gba páìpù náà kọjá kì í sì í ju 2,000 kg lọ ní wákàtí kan. Bí ó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á tì í lẹ́yìn. Sítíìmù lè gòkè láàárọ̀ kó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tó ni apá òkè yàtọ̀ sí ẹni tó ni ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ iye tí ẹnìkan ń fún ẹnìkejì kí wọ́n lè pín owó epo. Ọlọ́jà kan gbé mítà vortex wá, ó ní ó ń ka lílọ, ó ń ka bíbọ̀. Ṣé kí a rà á?

Ìdáhùn

Ẹ má rà á fún ojú ibẹ̀ yẹn, ó kéré tán ẹ má ra ẹyọ kan ṣoṣo. Inú mítà vortex ní irin kan tó dábùú. Bí sítíìmù bá ti kọlù ú, á máa yí lọ́tùn-ún, á máa yí lósì lẹ́yìn irin náà, bí omi odò ṣe ń ṣe lẹ́yìn òkúta. Iye ìyípo yẹn ni mítà ń kà. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe irin náà kọ sí. Bí sítíìmù bá gba ẹ̀yìn wọlé, mítà ṣì lè ka nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìdánwò tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀ kò kan apá ibẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé kò mọ ọ̀nà tí sítíìmù gbà wá. Bí ìsàlẹ̀ bá fún apá òkè ní 500 kg láàárọ̀, tí apá òkè sì dá 500 kg padà lọ́sàn-án, ẹ lè bá 1,000 lójú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ohun tí a máa mú fún páìpù yín ni àwo oníhò, ìyẹn orifice plate, pẹ̀lú transmitter tó ń wo ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó wà lórí àtẹ ọlọ́jà. Àwo tí wọ́n sábà ń tà, etí ihò rẹ̀ mú lójú kan, wọ́n sì ti fá a dagun lójú kejì. Bí sítíìmù bá ti ojú tí wọ́n fá wọlé, kíkà á dín, ó sì lè dín ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fún ọ̀nà méjì, ISO 5167-2, ìlànà àgbáyé fún àwo oníhò, ní kí wọ́n má fá etí kankan rárá. Ojú méjèèjì ní láti tẹ́jú bákan náà, etí méjèèjì ní láti mú bákan náà, àwo náà kò sì gbọdọ̀ nípọn ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú inú páìpù lọ. Páìpù 3 inch Schedule 40 (ìyẹn ìpele bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó) jẹ́ 77.9 mm nínú, nítorí náà kí àwo yín má ju 1.5 mm lọ. Sténlẹ́ẹ̀sì 316 ni kí wọ́n fi gé e. Bí ihò rẹ̀ bá jẹ́ 46.7 mm, tó jẹ́ 0.6 ìbú inú páìpù, ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 30 kPa nígbà tí 2,000 kg bá ń kọjá ní wákàtí kan ní 7 bar. Nínú 30 yẹn, nǹkan bíi 19 kPa kò ní padà mọ́, ìyẹn 0.19 bar. Bí prẹ́ṣọ̀ bọ́ílà kan kò bá fi bẹ́ẹ̀ ju ti èkejì lọ, tí ìyàtọ̀ wọn kò ju 0.2 bar lọ, àwo yìí á dí sítíìmù lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ihò náà tóbi dé 0.7, kí ẹ sì ṣírò transmitter tuntun.

Ọ̀dọ̀ àwo tín-ínrín yìí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Omi tí sítíìmù ń dà bó bá tutù, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kọ́ńdẹ́ńsétì, máa ń kó jọ sísàlẹ̀ páìpù. Bí sítíìmù bá gbá omi náà mọ́ àwo 1.5 mm, àwo á tẹ̀, bó bá sì ti tẹ̀, ohun tó ń kà lọ kò ní bá ohun tó ń kà bọ̀ mu mọ́. Níbi mítà ọ̀nà kan, iwájú nìkan la máa ń ro kọ́ńdẹ́ńsétì sí. Tiyín kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Steam trap, ìyẹn ohun tó ń tú kọ́ńdẹ́ńsétì jáde láìjẹ́ kí sítíìmù sá lọ, ní láti wà ní apá méjèèjì, lára kòtò tí wọ́n jó mọ́ ìsàlẹ̀ páìpù. Kòtò náà ní láti fẹ̀ tó páìpù, 3 inch, kó sì jìn tó 100 mm, ó kéré tán. Páìpù ¾ inch tí àwọn wẹ́dà kan máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ páìpù kò tó. Omi tó ń sáré á fò ó kọjá ni. Àwọn kan á ní kí ẹ lu ihò kékeré sísàlẹ̀ àwo kí omi lè máa ṣàn kọjá. Ìpẹtà á dí i láìpẹ́, ó sì ń ba ìṣirò àwo jẹ́. Kòtò ló dára jù.

Ẹ tún wo bí páìpù ṣe dagun. Níwọ̀n bí bọ́ílà kan ti wà lókè tí èkejì wà nísàlẹ̀, ó dájú pé ọ̀nà kan wà tí sítíìmù ti ń gòkè nígbà tí kọ́ńdẹ́ńsétì ń sọ̀. Ní ọ̀nà yẹn, eré sítíìmù kò yẹ kó ju 15 m/s lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbé omi náà padà sókè. 1,000 kg ní wákàtí nínú páìpù yín jẹ́ 14 m/s. 2,000 jẹ́ 28. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ bá ń rán ẹrù tó pọ̀ lọ sí apá òkè, ẹ ní láti ní trap ní gbogbo 15 m, kí páìpù sì dagun tó 1 nínú 40. Ẹ má fi mítà sí ẹsẹ̀ òkè.

Ọ̀rọ̀ ihò tí transmitter fi ń gba prẹ́ṣọ̀: ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára fláńjì (irin roboto tí wọ́n fi bóòtù so páìpù pọ̀), 25.4 mm sí ojú àwo ní apá méjèèjì. Irú èyí bá ọ̀nà méjì mu láìsí àfikún kankan. Irú tí ihò kan wà ní ìwọ̀n ìbú páìpù kan níwájú, tí èkejì wà ní ìlàjì ìbú lẹ́yìn, á gba pé kí ẹ gbẹ́ ihò mẹ́rin, ẹ ò nílò wàhálà yẹn. Páìpù ní láti gún régé ṣáájú àwo, kò sì sí ẹ̀yìn níbí, nítorí náà kó gún ní apá méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ńdì kan ló wà níbẹ̀, ìlànà náà béèrè ìlọ́po 42 ìbú páìpù fún ihò 0.6, tó jẹ́ 3.3 m. Bí àyè kò bá sí, ìlọ́po 13, bíi 1 m, ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fi ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún àṣìṣe tí ẹ ń retí. Ẹ má jẹ́ kí gásíkẹ́ẹ̀tì yọ sínú páìpù, kí ẹ sì ní kí wẹ́dà fi faìlì rẹ́ ohun tó wú nínú páìpù níbi tí wọ́n ti jó o.

Transmitter: ẹ ṣètò rẹ̀ láti −30 dé +30 kPa. Nínú iná tí transmitter fi ń ránṣẹ́ (mA, mílíámpì), 4 mA á jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ tó pọ̀ jù, 12 mA á jẹ́ òfo, 20 mA á jẹ́ ìgòkè tó pọ̀ jù. Iye sítíìmù ń bá square root ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ rìn, ṣùgbọ́n square root inú transmitter, ẹ pa á. Bí ìyàtọ̀ bá wọ abẹ́ òfo, ọ̀pọ̀ wọn á kàn fi òfo hàn ni, ìdajì iṣẹ́ yín á sì sọnù láìsí ẹni tó mọ̀. Kọ̀ǹpútà mítà ni kó ṣe é, kó sì jẹ́ irú tó lè yọ square root kó tún fi àmì ọ̀nà sí i. Kó ní àkójọ méjì tó dá dúró, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń fi ìyókù nìkan hàn kò ní jẹ́ kí ẹ rí àríyànjiyàn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi bátìrì 24 V tì í lẹ́yìn, nítorí iná ìjọba lè lọ ṣùgbọ́n bọ́ílà kò ní dúró dè é.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ vortex, ọ̀nà kan wà: ẹ pín páìpù sí ẹ̀ka méjì, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní vortex tirẹ̀ àti fáàfù nọ́n-rítọ́ọ̀nù, kí wọ́n dojú kọ ọ̀nà tó yàtọ̀. Vortex 2 inch á ka 2,000 kg ní nǹkan bíi 62 m/s, á sì ṣì máa ka dé nǹkan bíi 160 kg ní wákàtí kí ó tó dákẹ́. Èyí sàn ju àwo lọ nígbà tí sítíìmù bá kéré. Àléébù rẹ̀ ni fáàfù. Ní wákàtí tí prẹ́ṣọ̀ apá méjèèjì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, fáàfù á máa ṣí, á máa pa léraléra, ojú ìjókòó rẹ̀ á jẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Sítíìmù tó bá jò padà, vortex á kà á bí ẹni pé iwájú ló ń lọ. A lè gbà fún ibi tí sítíìmù ń lọ sí ọ̀nà kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó yí padà. Tiyín ń yí padà lójoojúmọ́.

Venturi (páìpù tó fún láàárín) àti V-cone (èyí tó ní kóònù nínú), ọ̀nà kan ni èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn mọ̀. Mítà tí wọ́n ń pè ní wedge, tí irin onígun bíi V wà nínú rẹ̀, ń ka ọ̀nà méjì dáadáa, kò sì kọ omi ìdọ̀tí. Bí ẹ bá rí i rà ní owó tó bójú mu, ẹ má kọ̀ ọ́. Turbine, mítà tó ní abẹ̀bẹ̀ nínú, lè yí síwájú kó yí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n sítíìmù tó ní omi nínú á jẹ bẹ́ríńgì rẹ̀. Coriolis, tó ń wo bí páìpù inú rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, mọ ọ̀nà méjì, owó rẹ̀ ni kò mọ ìwọ̀n.

Ìbéèrè láti Ìkọ̀lé-Èkìtì

Àwo oníhò ọ̀nà méjì wà lórí páìpù 3 inch wa, 30 kPa fún 2,000 kg. Lálẹ́, bí a bá ti ti fáàfù apá méjèèjì pa, mítà ṣì ń ka bíi 115 kg ní wákàtí sí apá kan. Ẹnjinníà wa ti dá transmitter padà sórí òfo léraléra, kò yí padà. Kí ló dé?

Ìdáhùn

Omi inú páìpù tín-ín-rín méjèèjì tó sọ̀ kalẹ̀ sí transmitter kò dọ́gba. Square root ni kò ní àánú fún àṣìṣe kékeré: bí omi apá kan bá fi 10 mm péré ga ju ti èkejì lọ, ìyẹn jẹ́ 0.1 kPa. Ẹ pín 0.1 fún 30, ẹ yọ square root rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ nígbà 2,000: 115 kg. Nọ́ńbà yín gan-an nìyẹn. Láàárín wákàtí 12, ó ti di 1,380 kg sítíìmù tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Níbi mítà ọ̀nà kan, bí àṣìṣe yìí bá bọ́ sí abẹ́ òfo, mítà kì í kà á, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Mítà yín ń kà á, nítorí abẹ́ òfo jẹ́ ọ̀nà gidi fún un.

Ìdí tí ṣíṣe òfo kò fi ràn yín lọ́wọ́ ni pé òfo méjì ló wà. Bí ẹ bá ti fáàfù kan nínú mẹ́ta orí transmitter pa, tí ẹ sì ṣí ti àárín, transmitter nìkan lẹ ń wò. Omi tó wà lókè kò sí nínú ìwọ̀n yẹn. Ẹ wá ṣe ti kejì: kí páìpù ńlá wà ní títì, kí prẹ́ṣọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kí fáàfù àárín wà ní pípa, kí méjì tó kù wà ní ṣíṣí. Bí òfo àkọ́kọ́ bá dára tí ti kejì kò dára, ẹ̀bi wà lókè. Ẹ má ṣe ṣí fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà láé. Omi á sáré láti apá kan lọ sí èkejì, sítíìmù á tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ transmitter kì í sì í fara da ohun tó ju nǹkan bíi 120°C lọ. Sítíìmù yín jẹ́ 170°C.

Láti tún un ṣe, ẹ wo ìkòkò kọ́ńdẹ́ńsétì méjèèjì, èyí tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù, níbi tí páìpù tín-ín-rín méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ó dá wa lójú. Ẹ mú rọ́bà tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ẹ rọ omi sí i, ẹ fi gbé ẹnu ìkòkò méjèèjì dọ́gba. Rọ́bà yìí á fi ìyàtọ̀ 1 mm hàn yín dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí prẹ́ṣọ̀ ti tán pátápátá, ẹ ṣí orí ìkòkò, kí ẹ fi ọwọ́ rọ omi mímọ́ kún apá méjèèjì títí afẹ́fẹ́ á fi tán. Ẹ má dúró de sítíìmù kó kún un fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú apá kan á ṣe iṣẹ́ kan náà bíi ìkòkò tí kò dọ́gba. Àwọn páìpù méjèèjì tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ dè wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí oòrùn má máa pa ọ̀kan kí èkejì wà níbòji.

Ẹ sì ṣètò kọ̀ǹpútà kó máa ka ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ 150 kg ní wákàtí sí òfo, ní ọ̀nà méjèèjì. Èyí kì í ṣe ìtúnṣe o. Ẹ tún ìkòkò ṣe ná. Ìwé àwọn ará Yúróòpù máa ń ní kí ẹ fi wáyà gbígbóná wé páìpù tín-ín-rín wọ̀nyí kí omi inú rẹ̀ má bàa di yìnyín. Òtútù ọyẹ́ ní Èkìtì kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó yẹn ra trap.

Ìbéèrè láti Ìdó-Èkìtì

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo wà. Mo rí mítà ultrasonic tí wọ́n ń dè mọ́ ara páìpù láìgé e. Ṣé ó lè ka sítíìmù ọ̀nà méjì lórí páìpù 2 inch?

Ìdáhùn

Ọ̀nà tó gbà ń ṣiṣẹ́ mọ ọ̀nà méjì láìsí ìyọnu: ó ń rán ohùn lọ, ó ń rán an bọ̀, ó ń wo èyí tó yá jù. Ṣùgbọ́n ohùn tó wà nínú irin kì í fẹ́ wọ inú sítíìmù. Irin wúwo tó 7,850 kg nínú m³ kan, sítíìmù 7 bar kò ju nǹkan bíi 4 lọ, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn náà á kàn rìn yí ara páìpù ká. Èyí tí wọ́n ṣe fún omi kò ní ka nǹkankan fún yín. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún sítíìmù. Ẹ bi ọlọ́jà léèrè prẹ́ṣọ̀ tó kéré jù tó lè kà àti ìgbóná páìpù tó lè fara dà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì wá dè é mọ́ páìpù yín kí ẹ rí i kí ẹ tó sanwó. Irú tí ojú rẹ̀ wọ inú páìpù dára gan-an, kì í dí sítíìmù lọ́nà, ó sì ń ka kékeré ka ńlá, ṣùgbọ́n lórí páìpù 2 inch ti ilé ìfọṣọ, owó rẹ̀ á ju ohun tó máa bá yín rí lọ.

Ìbéèrè láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì

7 bar ni wọ́n ṣètò mítà wa fún. Láàárọ̀, bí gbogbo ẹ̀rọ bá jọ tan, prẹ́ṣọ̀ ń já sí 5. Ṣé èyí kan ohun tó ń kà?

Ìdáhùn

Ó kàn án púpọ̀. Sítíìmù 7 bar orí géèjì wúwo tó 4.16 kg nínú m³ kan. Ní 5 bar, ó di 3.17. Àwo oníhò tí kò mọ̀ pé prẹ́ṣọ̀ ti já á fi nǹkan bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kà ju ohun tó kọjá lọ. Vortex tí kò mọ̀ á fi ìdá 31 kún un, nítorí ìwúwo náà gan-an ló ń bá ìṣirò tirẹ̀ rìn, kì í ṣe square root rẹ̀. Ẹ fi transmitter prẹ́ṣọ̀ kan kún un, kí kọ̀ǹpútà máa wá ìwúwo inú tábìlì sítíìmù fúnra rẹ̀.

Lórí páìpù ọ̀nà méjì, nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń gbàgbé. Iwájú àwo ni wọ́n ń wọn prẹ́ṣọ̀ fún ìwúwo, ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi pé. Bí sítíìmù bá yí padà, ibi tí transmitter yẹn wà ti di ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà ní láti fi ìyàtọ̀ àwo kún un ní ọ̀nà yẹn. Bí kò bá ṣe é, ní 30 kPa, ọ̀nà kan á máa dín ní ìdá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó ń fi sítíìmù ránṣẹ́ ní ọ̀nà yẹn ló sì máa máa pàdánù rẹ̀.

Èkìtì ga ju òkun lọ. Ní Adó, prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 0.96 bar. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń fi 1.013 kún géèjì, ẹ yí i padà. Lórí àwo oníhò, ní 7 bar, kò ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe náà.

Ìbéèrè láti Adó-Èkìtì

Bọ́ílà wa ti ní mítà, ibi tí a ti ń lo sítíìmù náà ti ní. Ṣé a kò lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì láti mọ ohun tó gba páìpù àárín?

Ìdáhùn

Ẹ lè ṣe é bí ohun tó ń gba àárín bá pọ̀. Bí bọ́ílà bá fúnni ní 2,000 kg, tí ẹ lo 1,200, 800 tó kù ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ẹ bá lo 1,900, tí mítà kọ̀ọ̀kan sì lè ṣi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, 100 tó kù yẹn lè jẹ́ 45, ó sì lè jẹ́ 155. Ẹ má fi pín owó.

Bó bá jẹ́ owó epo oṣù lẹ fẹ́ pín, tí kì í ṣe ti wákàtí sí wákàtí, ẹ wọn omi tó ń wọ bọ́ílà kọ̀ọ̀kan. Omi rọrùn í kà ju sítíìmù lọ jìnnà, mítà rẹ̀ kò wọ́n, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìwúwo nínú rẹ̀. Ẹ yọ omi tí ẹ ń tú kúrò nísàlẹ̀ bọ́ílà, kí gíláàsì omi bọ́ílà sì wà ní ojú kan náà nígbà tí ẹ bá ka mítà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí oṣù. Ìyẹn á sọ iye sítíìmù tí bọ́ílà kọ̀ọ̀kan ṣe. Mítà ibi ìlò tí ẹ ti ní á sọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Ìbéèrè míì láti Adó-Èkìtì

Mítà magnetic ń ka ọ̀nà méjì, a sì ní ọ̀kan nílẹ̀. Ṣé ó lè ka sítíìmù?

Ìdáhùn

Rárá. Ohun tó ń gbé iná nìkan ni mítà magnetic ń kà. Sítíìmù kì í gbé iná, mítà náà kò ní rí i. Ẹ gbé e lọ sórí omi tó ń wọ bọ́ílà, níbi tí a sọ lókè yìí. Kí ẹ tó dè é, ẹ wo aṣọ inú rẹ̀: bí rọ́bà bá ni, omi gbígbóná láti inú táǹkì bọ́ílà á wú u, PTFE (Teflon) ni kó jẹ́. Omi tí ẹ fi iyọ̀ sọ di rírọ̀ kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń yọ gbogbo iyọ̀ inú omi kúrò, ẹ kọ́kọ́ wọn bí ó ṣe ń gbé iná. Ọ̀pọ̀ mítà wọ̀nyí fẹ́ kó ju 5 µS/cm lọ.